Kálísíọ̀mù ẹ̀jẹ̀ tó lọ sílẹ̀: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn nílé

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú aláìsàn ní Kétu, ní Ṣábẹ, ní Àjàṣẹ́ àti ní àwọn abúlé tó yí wọn ká ni mo ń bá sọ̀rọ̀, pàápàá ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ fún dé. Iṣẹ́ abẹ lè ti lọ dáadáa, kí ojú egbò máa gbẹ, kí ará ilé máa dúpẹ́. Tó bá di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, aláìsàn á ní ètè òun ń ṣe wìnnìwìnnì, ìka ọwọ́ òun sì ń ká. Àwọn kan á ní òtútù ló mú un, àwọn mìíràn á ní ọwọ́ ayé ni. Kálísíọ̀mù, èròjà kan tó wà nínú egungun, eyín àti ẹ̀jẹ̀, ló lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, oògùn rẹ̀ sì wà. Ìgbà tí wọn ò bá tètè mọ̀ ọ́n, tàbí tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ dé ìdajì tí wọ́n fi í sílẹ̀, ni ewu ń wọlé.

Nínú 100 kálísíọ̀mù tó wà lára wa, nǹkan bí 99 ló wà nínú egungun àti eyín. Díẹ̀ tó kù, tó ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn, ni iṣan, ọpọlọ àti ọkàn ń lò lójoojúmọ́. Àwọn ẹṣẹ́ kéékèèké mẹ́rin, ìyẹn ẹ̀yà ara tó ń tú èròjà sínú ẹ̀jẹ̀, ló ń ṣọ́ ọ, ẹ̀yìn ibi tí gẹ̀gẹ̀ ti ń wú gan-an ni wọ́n wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju hóró ìrẹsì lọ. Parathyroïde ni àwọn dókítà ń pè wọ́n. Bí kálísíọ̀mù bá ti ń dín kù, wọ́n á tú èròjà kan tí à ń pè ní PTH sínú ẹ̀jẹ̀. PTH yìí á yá díẹ̀ lọ́wọ́ egungun, kò ní jẹ́ kí kíndìnrín dà á nù sínú ìtọ̀, á sì mú kí kíndìnrín sọ fítámì D di alágbára, kí ìfun lè fa kálísíọ̀mù inú oúnjẹ wọlé. Bí ọ̀bẹ bá kan àwọn ẹṣẹ́ wọ̀nyí, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́, gbogbo iṣẹ́ yìí dúró.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ dá àmì rẹ̀ mọ̀

Yíká ẹnu ló sábà ti ń bẹ̀rẹ̀. Aláìsàn á ní èèrà ń rìn ní ètè òun, lẹ́yìn náà ní orí ìka ọwọ́ àti ìka ẹsẹ̀. Pajápajá á máa mú un ní ẹsẹ̀ àti ní ẹ̀yìn. Tó bá le sí i, ọrùn ọwọ́ á tẹ̀, àwọn ìka á nà gan, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra wọn, àtàǹpàkò á sì wọ inú àtẹ́lẹwọ́. Òun fúnra rẹ̀ kò ní lè tú u. Ara rẹ̀ ò ní balẹ̀, inú á máa bí i láìnídìí.

Èyí tó ti pẹ́ lára kì í pariwo bẹ́ẹ̀. Awọ á gbẹ, èékánná á máa ṣẹ́, irun á máa re, ojú á máa ṣe bàìbàì. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ti máa lo oògùn wárápá nítorí gìrì tó ń mú un, fún ọdún pípẹ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wọn kálísíọ̀mù rẹ̀ wò. Ó dùn mí púpọ̀, torí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo ni ì bá tú àṣírí rẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì lè fi ẹ̀rọ ìwọn-ìfúnpá dán an wò: á wé e mọ́ apá, á fẹ́ ẹ kọjá ìfúnpá aláìsàn, á sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 3. Bí ọwọ́ bá ká bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ lókè, àmì Trousseau nìyẹn, orúkọ dókítà ará Faransé tó ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1861. Ẹ má fi okùn dán irú rẹ̀ wò nílé o. Àyẹ̀wò kejì, tí wọ́n ń fi ìka lu iwájú etí kí wọ́n wo bóyá ẹ̀gbẹ́ ètè á ta, kò ṣeé gbọ́kàn lé tó bẹ́ẹ̀, ó ń yọ lára àwọn tí ara wọn le pàápàá.

Ohun kan wà tó jọ ọ́. Ẹni tí jìnnìjìnnì mú, tó wá ń mí kíákíá, ètè àti ìka rẹ̀ lè máa ṣe wìnnìwìnnì bákan náà. Bí èémí rẹ̀ bá ti rọlẹ̀, ó máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ ọrùn fún, ẹ má ṣe sọ pé ìbẹ̀rù lásán ni títí ẹ ó fi rí èsì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ ìgbà tí kò yẹ kí ilẹ̀ mọ́ bá yín nílé

Bí gìrì bá mú un, bí èémí rẹ̀ bá ń dún tàbí tí ọ̀fun rẹ̀ ń fún, bí ohùn rẹ̀ bá há lójijì, bí ọkàn rẹ̀ bá ń lù ségesège, bó bá dákú, tàbí bí ọwọ́ bá ti ká tí kò tú, ẹ gbéra lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ òru. Àwọn tó wà ní Kétu, ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Pọ́bẹ̀ ni wọ́n sábà ń gbé irú rẹ̀ lọ. Ṣábẹ ní ilé ìwòsàn tirẹ̀. Ní Àjàṣẹ́, ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ń pè ní CHUD ni. Kí ẹ tó gbéra, tàbí lójú ọ̀nà, kí ẹnì kan fóònù síbẹ̀, kó bi wọ́n bóyá gluconate de calcium alábẹ́rẹ́, ìyẹn kálísíọ̀mù tí wọ́n ń gún, wà nílẹ̀. Bí kò bá sí, wọ́n lè sọ ibi tó wà fún yín, ẹ ò sì ní pàdánù wákàtí méjì.

Ẹ má gbé ẹni tí gìrì ń mú sórí zémidjan, ẹ wá mọ́tò. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tì í sílẹ̀, ẹ tú aṣọ ọrùn rẹ̀. Ẹ má fi ṣíbí ya ẹnu rẹ̀, ẹ má fi àlùbọ́sà sí i lójú, ẹ má ro àgbo tàbí ìtọ̀ màlúù sí i lẹ́nu. Ọ̀fun tó ń fún lọ́wọ́ á gbé e gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Àmọ́ bó bá mọ ara, tó lè gbé nǹkan mì dáadáa, tí oògùn kálísíọ̀mù tí dókítà kọ fún un sì wà nílé, ẹ fún un ní ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan kí ẹ tó jáde.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kí ẹ sì lè ka ìwé rẹ̀

Calcémie, ìyẹn ìwọ̀n kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀, ni wọ́n máa kọ sórí ìwé. Fún àgbàlagbà, ó yẹ kó wà láàárín nǹkan bí 2.2 sí 2.6 mmol/L. Ilé àyẹ̀wò mìíràn a máa fi mg/L kọ ọ́, nígbà náà á jẹ́ nǹkan bí 88 sí 104. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà kí ọkàn yín tó fò, torí 2.3 àti 92 kò yàtọ̀ síra. Bó bá ti wà lábẹ́ 1.9 mmol/L, ìyẹn 76 mg/L, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni, kódà bí aláìsàn bá ń rẹ́rìn-ín. Bó bá sì jẹ́ 2.1 tí ọwọ́ ti ń ká, pàjáwìrì náà ni.

Ẹ béèrè fún albumine, purotéènì kan inú ẹ̀jẹ̀, pẹ̀lú rẹ̀. Nǹkan bí ìdajì kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ ló so mọ́ àwọn èròjà bíi albumine, ìdajì tí kò so mọ́ nǹkan ni ara sì ń lò. Ẹni tí ebi tàbí àìsàn ti jẹ albumine rẹ̀, èsì rẹ̀ á jọ èyí tó lọ sílẹ̀ láìjẹ́ bẹ́ẹ̀. Báyìí ni dókítà ṣe ń tún un ṣírò: fún gíráàmù kọ̀ọ̀kan tí albumine fi dín sí 40 g/L, á fi 0.02 mmol/L kún un. Ká ní calcémie jẹ́ 2.0, albumine sì jẹ́ 28: ó fi 12 dín sí 40, 12 lọ́nà 0.02 jẹ́ 0.24, àpapọ̀ rẹ̀ wá di 2.24. Kálísíọ̀mù ẹni yìí pé. Ilé àyẹ̀wò tó bá lè wọn calcium ionisé yóò fún yín ní ìdajì tí ara ń lò gan-an láìsí ìṣirò kankan.

Nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn kan náà, kí wọ́n tún wo magnẹ́síọ̀mù àti phosphore, èròjà méjì mìíràn tó wà lára, créatinine tó ń sọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣe, àti PTH bí agbára bá ká a. PTH kì í ṣe ohun tí gbogbo ibi ń wọ̀n. Ó lè jẹ́ Kútọ̀nú ni wọn yóò fi ẹ̀jẹ̀ náà ránṣẹ́ sí. Kí wọ́n má torí pé èsì rẹ̀ ò tíì dé dá ìtọ́jú dúró.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wá ohun tó fà á

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ tẹpẹlẹ mọ́ jù. Ẹni tí wọ́n bá ń fún ní kálísíọ̀mù láìwá ohun tó ń mú un lọ sílẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ á tún padà síbi tó wà.

Bó bá jẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀, àwọn ẹṣẹ́ mẹ́rin yẹn lè kàn rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó jí. Bó bá kọjá oṣù 6 sí 12 tí PTH kò padà, a jẹ́ pé ìtọ́jú rẹ̀ di ti gbogbo ìgbà. PTH tó lọ sílẹ̀ pẹ̀lú kálísíọ̀mù tó lọ sílẹ̀ ń tọ́ka sí ẹṣẹ́ wọ̀nyí, tàbí sí magnẹ́síọ̀mù. Bí PTH bá ga, ẹṣẹ́ ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ wá fítámì D tó kéré, kíndìnrín tó ti ń ṣàárẹ̀, tàbí oúnjẹ tí kò ní kálísíọ̀mù nínú.

Magnẹ́síọ̀mù ni wọ́n máa ń gbàgbé. Bí kò bá tó, PTH kì í jáde dáadáa, ara kì í sì í gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Kálísíọ̀mù tí wọ́n ń dà sí aláìsàn lára kò ní dúró. Ìgbẹ́ gbuuru tó pẹ́, ṣódábì ojoojúmọ́, oògùn tí ń mú ni tọ̀ bíi furosémide, àti oméprazole tí èèyàn ti ń lò fún ọ̀pọ̀ oṣù nítorí inú tó ń ta, gbogbo wọn ló ń jẹ magnẹ́síọ̀mù. Ẹ kó gbogbo oògùn ilé sínú àpò kan, pẹ̀lú èyí tí ẹ rà lọ́jà, ẹ kó o lọ fún dókítà. Phénobarbital àti phénytoïne tí wọ́n ń lò fún wárápá wà lára àwọn tó ń jẹ fítámì D, ẹ má fi wọ́n pamọ́. Ẹ má sì dá ìkankan nínú wọn dúró fúnra yín.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bí wọ́n bá fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́

Iṣẹ́ ilé ìwòsàn ni èyí, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó dúró ti aláìsàn mọ ohun tó ń rí. Gluconate de calcium 10% ni wọ́n sábà ń lò: mìlílítà 10 sí 20, tí wọ́n lú mọ́ omi, tí wọ́n sì rọra ń fà sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10. Bí wọ́n bá sá eré sí i, ọkàn lè dá iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí náà ẹ má sọ fún nọ́ọ̀sì pé kó yára. Ó dára kí ẹ̀rọ tó ń ya ìlù ọkàn wà lára rẹ̀ lásìkò náà. Kì í pẹ́ tí wìnnìwìnnì náà fi ń lọ, àmọ́ agbára abẹ́rẹ́ yìí kì í ju wákàtí mélòó kan lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń so omi tí kálísíọ̀mù wà nínú rẹ̀ kọ́ tẹ̀ lé e, tí wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò léraléra. Bí magnẹ́síọ̀mù bá kéré, wọ́n á fún un ní tirẹ̀ náà.

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ tètè sọ. Bí ojú abẹ́rẹ́ bá ń ta á tàbí tó wú, ẹ pè wọ́n lójú ẹsẹ̀, torí kálísíọ̀mù tó bá tú síta iṣan ẹ̀jẹ̀ lè pa ẹran ara. Bí ó bá ń lo digoxine fún ọkàn, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó gún un. Bí wọ́n bá ń fún un ní ceftriaxone, abẹ́rẹ́ kòkòrò tó wọ́pọ̀ púpọ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹ rán wọn létí: méjèèjì kò gbọdọ̀ pàdé nínú ọ̀pá omi kan náà, wọ́n á dì. Fún ọmọ ìkókó, kò gbọdọ̀ gba méjèèjì rárá.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun lè wá gún kálísíọ̀mù fún yín nílé, tàbí kí òun gún un sí ìdí, ẹ kọ̀ fún un.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: oògùn oníhóró nílé

Carbonate de calcium ló wọ́pọ̀ ní fámásì. Hóró tó wọn 1250 mg ń gbé 500 mg kálísíọ̀mù gidi. Páálí kan á kọ 1250, òmíràn á kọ 500, ohun kan náà sì ni. Ẹ bi oníṣẹ́ fámásì kó tó di pé ẹ lo ìlọ́po tàbí ìdajì ohun tí dókítà sọ. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀, dókítà lè kọ 1 sí 3 g kálísíọ̀mù gidi lóòjọ́. Ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ìfun kì í gbà ju nǹkan bí 500 mg lọ dáadáa lẹ́ẹ̀kan. Carbonate fẹ́ oúnjẹ, ẹ lò ó bí ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́. Ẹni tó ń lo oméprazole, irú kálísíọ̀mù kejì tí wọ́n ń pè ní citrate de calcium ló sàn fún un.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í rèé. Ẹni tí wọ́n bá yọ gẹ̀gẹ̀ rẹ̀ tán pátápátá ń lo lévothyroxine láàárọ̀. Kálísíọ̀mù a máa gbé oògùn yẹn mọ́ra nínú ìfun, kò sì ní jẹ́ kó wọ ara. Ó gbọ́dọ̀ tó wákàtí 4 láàárín méjèèjì. Ìlànà tó rọrùn ni kó lo lévothyroxine ní aago 6 àárọ̀ pẹ̀lú omi lásán, kó lo kálísíọ̀mù àkọ́kọ́ pẹ̀lú oúnjẹ ní nǹkan bí aago 11, èkejì pẹ̀lú oúnjẹ alẹ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ọ̀kan bọ́ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú, àti àwọn oògùn kòkòrò bíi ciprofloxacine àti doxycycline, náà kì í bá kálísíọ̀mù rìn; ẹ bi fámásì ní àlàfo tó yẹ. Ìyá tó ń lọ ọjà Wàńdó láti ìdájí, kó di oògùn ọ̀sán mọ́ ìdí ìró rẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ. Ti ọ̀sán yìí ló ń fò jù.

Kálísíọ̀mù nìkan kò ní wọlé bí kò bá sí fítámì D. Fún ẹni tí tirẹ̀ kàn kéré, fítámì D lásán tó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹṣẹ́ rẹ̀ ti kú, tàbí tí kíndìnrín rẹ̀ ti ṣàárẹ̀, kò lè sọ ọ́ di alágbára mọ́. Èyí tó ti lágbára tán ni wọ́n ń kọ fún un, alfacalcidol tàbí calcitriol. Máíkírógíráàmù kan péré tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ lóòjọ́ ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Ó kéré lójú, agbára rẹ̀ pọ̀. Ẹ má rà á níta, ẹ má sì fi kún un nítorí pé pajápajá padà dé. Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ná.

Mùsùlùmí tó fẹ́ gba ààwẹ̀ Ramadan, kó ti lọ rí dókítà ṣáájú oṣù náà. Bí ẹṣẹ́ rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́, àlàfo láti sààrì dé ìṣínu lè gùn jù fún un, dókítà ni yóò sì sọ bóyá ó ṣeé ṣe àti bí wọ́n ṣe máa pín oògùn. Kó má kàn fò ó.

Ìgbésẹ̀ keje: oúnjẹ

Oúnjẹ kì í wo pàjáwìrì sàn, ṣùgbọ́n òun ló ń gbé ìyókù ró. Àgbàlagbà nílò nǹkan bí 1000 mg lóòjọ́. Ife mílíìkì kan ní nǹkan bí 300. Wàgáṣì tí àwọn ìyá Fúlàní ń gbé wá ta ní Kétu àti Ṣábẹ dára púpọ̀, ẹja gbígbẹ wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ teegunteegun náà, ọbẹ̀ ewé oṣè, ewédú, yànmọ̀tí. Ẹ gún ẹja wẹ́wẹ́ yẹn kúnná, ẹ dà á sínú ògì ọmọ tó ti kọjá oṣù mẹ́fà. Ògì lásán kò ní kálísíọ̀mù tó. Ní Nàìjíríà, àwọn dókítà ti rí i pé àìtó kálísíọ̀mù nínú oúnjẹ ló tẹ ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ tí oòrùn ń pa dáadáa, wọ́n sì fi kálísíọ̀mù wò wọ́n sàn. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ṣàárẹ̀ kò gbọdọ̀ sáré sí mílíìkì àti wàgáṣì, phosphore inú wọn lè pọ̀ jù fún un.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ má jẹ́ kó pọ̀ jù

Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lójoojúmọ́ tàbí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá ti dúró, ó lè di oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà síra. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ kó tó lo oògùn àárọ̀. Fún ẹni tí ẹṣẹ́ rẹ̀ kú, dókítà kì í fẹ́ kó ga dé òkè. Ìsàlẹ̀ ìwọ̀n tó yẹ tàbí kó fi díẹ̀ dín sí i ló ń fẹ́, torí láìsí PTH, kálísíọ̀mù ń ya lọ sínú ìtọ̀, ó sì ń dá òkúta sí kíndìnrín. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́ ṣáá, tó ń tọ̀ léraléra, tí èébì ń gbé e, tí ìgbẹ́ rẹ̀ le, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jọra mọ́, ó ti pọ̀ jù nìyẹn: ẹ dá kálísíọ̀mù àti alfacalcidol dúró lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì gbé e lọ. Bó bá sì ń bì tàbí tó ń ṣu gbuuru tí oògùn kò dúró nínú, ilé ìwòsàn náà ni, kí ó má bàa já wálẹ̀.

Ẹ kọ ọ́ sórí páálí kékeré ní Faransé, kó máa wà nínú àpò rẹ̀: hypocalcémie (ìyẹn kálísíọ̀mù ẹ̀jẹ̀ tó lọ sílẹ̀), ohun tó fà á, orúkọ oògùn àti ìwọ̀n wọn. Dókítà tó bá bá a pàdé lọ́nà Kútọ̀nú kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a kiri.

Ti ọmọ tuntun yàtọ̀. Èyí tí oṣù rẹ̀ kò pé, tàbí tí ìyá rẹ̀ ní àtọ̀gbẹ, kálísíọ̀mù rẹ̀ lè já láàárín ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́. Èyí tí wọ́n ń fún ní mílíìkì màlúù, ó lè jẹ́ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Á máa gbọ̀n, á máa fò, kò ní mu ọyàn dáadáa, gìrì lè tẹ̀ lé e. Ẹ má fún un ní kálísíọ̀mù nílé rárá, ẹ fi aṣọ wé e mọ́ àyà ìyá rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ tuntun.